Èwo Ni Ọ̀pọ̀, Èwo Ni Ọ̀wọ́n?

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Ìjọra lọ sí Àpápá ní ìlú Èkó, ẹ ó gun afárá kan. Ibi tí afárá náà ti sọ̀ kalẹ̀ ni a ń pè ní Marine Beach. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Kì í ṣe yanrìn etí òkun tí a ti ń ṣeré ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ọkọ̀ trélà, ọkọ̀ dánfó, èrò tí ń wọ́ lọ tí ń wọ́ bọ̀, àti àwọn tí ń tajà ni ẹ ó rí. Èbúté Àpápá kò jìnnà síbẹ̀. Láti ọdún 1926 ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá ti ń já ẹrù wọn sí èbúté náà. Bí ẹ bá sì kọ ẹ̀yìn sí èbúté, tí ẹ ń lọ sí ọ̀nà Boundary, Ajégúnlẹ̀ ni ẹ ń lọ yẹn.

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ dùn mọ́ mi. Ajé ni òwò àti owó. Kí nǹkan gúnlẹ̀ ni kí ó dé èbúté, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi ti í ṣe. Ìlú tí ajé gúnlẹ̀ sí ni. Yorùbá, Ìjọ̀, Ìgbò, Urhobo, Haúsá àti Ìlàjẹ ni wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì mọ ọjà ná.

Níbẹ̀ ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ẹrù jíjá ní èbúté. Ìyá mi ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Marine Beach. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọjà rírà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ilé wa. Bí ìyá mi bá ra ọjà dáadáa ní àárọ̀, èrè yóò wà ní alẹ́. Bí kò bá rà á dáadáa, àwọn òṣìṣẹ́ yóò jẹun yó, wọn yóò sanwó, síbẹ̀ kò ní sí nǹkan kan fún wa láti fi san owó ìwé.

Bí ẹnì kan bá sọ fún ìyá mi pé òun ra nǹkan lọ́pọ̀, ìbéèrè kan ni ó máa ń bi í: "Ọ̀pọ̀ báwo?" Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ìsọ̀ onírẹsì. Kọ́ńgò ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ kọ́ńgò. Gbogbo ènìyàn ni ó ń pè é ní kọ́ńgò, ṣùgbọ́n gbogbo kọ́ńgò kọ́ ni ó dọ́gba. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, títí tí ìdí náà yóò fi wú sínú. Àwọn mìíràn a yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó lè gbẹ síbẹ̀ kí ó sì gba àyè. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kọ́ńgò; ọwọ́ wọn gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá ń rọ ìrẹsì, wọn a ti ọwọ́ bọ inú kọ́ńgò bí ẹni tí ń gbá ìrẹsì jọ. Ìka márààrún yẹn ń gba ibi tí ó yẹ kí ìrẹsì wà.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo òǹtajà ni ó ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Ìyá onírẹsì kan wà tí ìyá mi bá rajà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ìyá yẹn a rọ ìrẹsì títí yóò fi yọ orí, a sì fi èènì lé e. Èènì dára, ó máa ń mú kí oníbàárà padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó fi kọ́ńgò tí ìdí rẹ̀ wú wọn ìrẹsì fún yín, tí ó wá fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì, nǹkan yín náà ni ó fi ń ta yín lọ́rẹ.

Kí ni ìyá mi máa ń ṣe? Agolo mílíìkì kan wà nínú báàgì rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ òǹtajà tí kò mọ̀ rí, kọ́ńgò kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ rà. Yóò da ìrẹsì náà sínú abọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo rẹ̀ wọ̀n ọ́n lójú òǹtajà. Ní ọjọ́ kan, inú bí òǹtajà kan.

"Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ẹ kò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́, ẹ má bínú," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Àwọn oníbàárà tèmi ni kì í gba èmi gbọ́. Wọ́n ń ka ṣíbí ìrẹsì tí mo ń bù fún wọn. Bí mo bá dín in kù, wọn yóò lọ sí ọ̀dọ̀ olóúnjẹ tí ó wà ní iwájú."

Òǹtajà náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀kúnwọ́ méjì kún ìrẹsì náà. Èmi dúró lẹ́yìn ìyá mi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí.

Ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù, kí a jọ ṣe ìṣirò díẹ̀. Kí a ní Ìyá kìn-ín-ní ń ta kọ́ńgò ìrẹsì kan ní ₦2,000. Ìyá kejì ń ta tirẹ̀ ní ₦1,800. Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ó ti rà á? Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò sáré lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá kejì. Ẹ dúró ná. Nígbà tí a fi agolo wọ̀n ọ́n, kọ́ńgò Ìyá kìn-ín-ní gba agolo 10, ti Ìyá kejì sì gba agolo 8. Ẹ pín 2,000 sí ọ̀nà 10: agolo kan jẹ́ ₦200. Ẹ pín 1,800 sí ọ̀nà 8: agolo kan jẹ́ ₦225. Ìrẹsì tí a ń pè ní ọ̀pọ̀ ni ó wọ́n jù. Bí ìyá mi bá ra agolo 80 lọ́dọ̀ Ìyá kejì nítorí ẹnu dídùn, ₦2,000 ni yóò fi ṣòfò. Odindi kọ́ńgò kan ni yẹn.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1974 ni òfin òṣùwọ̀n ti wà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, kílò àti lítà sì ni ìjọba ń lò. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí iye kílò lára àpò ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ní ọjà, kọ́ńgò àti dẹ́ríkà ni àwọn ènìyàn mọ̀. Dẹ́ríkà yìí, lára agolo tòmátì ni ó ti wá; orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kọ sára agolo ni ó di orúkọ òṣùwọ̀n. Ohun tí a dì sínú ọ̀rá tàbí páálí rọrùn ju ti kọ́ńgò lọ, nítorí pé wọ́n kọ iye gíráàmù sí i lára. Ẹ máa kà á. Ọ̀rá méjì lè rí bákan náà, kí wọ́n jẹ́ iye kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 200, kí èkejì jẹ́ 170.

Ẹ ó tún rí i pé bí ènìyàn bá ń ra nǹkan ní díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, owó tí ó ń san máa ń pọ̀ ju ti ẹni tí ó ra àpò lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí kò ní owó àpò lọ́wọ́. Ní àdúgbò wa, ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún a máa da owó jọ, wọn a ra àpò ìrẹsì kan, wọn a sì pín in ní ojúlé ẹnì kan. Agolo ìyá mi ni wọ́n fi ń pín in.

Bí ìyá mi bá ń ka agolo rẹ̀ báyìí, bàbá mi a máa rẹ́rìn-ín. A ní, "Bí ìjọba bá ní irú agolo yìí ní ọdún 1975, wàhálà sìmẹ́ńtì kò bá má ṣẹlẹ̀."

Ìtàn sìmẹ́ńtì náà nìyí, kì í ṣe àlọ́, ó ṣẹlẹ̀ ní èbúté Àpápá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, epo rọ̀bì mú owó púpọ̀ wọlé fún Nàìjíríà. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fẹ́ kọ́ bárékè àwọn sójà, wọ́n fẹ́ la ọ̀nà, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé. Sìmẹ́ńtì ni a fi ń ṣe gbogbo èyí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra sìmẹ́ńtì láti òkè òkun. Iye tí wọ́n rà tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 20. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń rí sí ètò ààbò ni ó ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní àkókò náà, sìmẹ́ńtì tí èbúté Èkó lè já kúrò nínú ọkọ̀ ní ọdún kan kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ tún mú pẹ́ńsù yín. Ẹ pín 20 sí 1. Ogún ọdún ni yóò gbà wọ́n láti já sìmẹ́ńtì tí wọ́n rà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo!

Àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Kí ọdún 1975 tó parí, ọkọ̀ ojú omi tí ó ń dúró lórí òkun ní ẹnu ọ̀nà Èkó ti lé ní 400, sìmẹ́ńtì ni ó sì wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù. Bàbá mi sọ fún wa pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná àwọn ọkọ̀ náà dà bí ìlú mìíràn tí a tẹ̀ sórí omi. Kò sí ibi tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí. Àwọn ọkọ̀ tí ó gbé oúnjẹ àti àwọn ẹrù mìíràn wá náà há sẹ́yìn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì. Lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ kan bá fi dúró, ìjọba gbọ́dọ̀ san owó ìdádúró fún ẹni tí ó ni ọkọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fi ọkọ̀ ògbólógbòó kó sìmẹ́ńtì wá, nítorí pé ìdúró náà ti di òwò fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí sìmẹ́ńtì ti rí. Ọ̀rinrin òkun wọ inú àpò, sìmẹ́ńtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í di òkúta kí ó tó fojú kan ilẹ̀ wa.

Ní July 1975, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ọ̀gágun Gowon. Ọ̀gágun Murtala Muhammed ni ó gba ipò rẹ̀, òun ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti fagi lé àwọn sìmẹ́ńtì tí kò tíì dé. Wàhálà yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba yára kọ́ èbúté tuntun sí Tin Can Island, nítòsí Àpápá. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí i.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ, ìjọba kò ra ohun tí kò wúlò. Sìmẹ́ńtì dára. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni pé: mélòó ni a nílò? Ta ni yóò já a? Níbo ni a ó kó o sí? Ìbéèrè yìí kan náà ni ìyá mi máa ń bi ara rẹ̀ bí ó bá gbọ́ tí ẹlẹ́tòmátì ń kígbe "Gbàǹjo! Gbàǹjo!" ní ìrọ̀lẹ́. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan lè pọ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí fíríìjì, tí ẹnu tí yóò jẹ ẹ́ kò sì ju mẹ́fà lọ, ìdajì apẹ̀rẹ̀ ni yóò lọ sí ààtàn kí ó tó di ọ̀túnla. Owó tí a fi ra apẹ̀rẹ̀ náà, owó ìdajì apẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ èbúté kò lè parí láìmẹ́nu kan tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ni a ń sọ ní Tòkunbọ̀, ìyẹn ni pé ó ti òkun bọ̀. Àwọn ará Èkó wá fi orúkọ yìí pe ọkọ̀, fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti fáànù tí àwọn òyìnbó ti lò kí wọ́n tó kó wọn wá fún wa. Èmi kò kórìíra tòkunbọ̀ o. Òmíràn ń bẹ tí ó lágbára ju tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ti okùn iná rẹ̀ bọ iná níṣojú yín, kí ẹ sì dúró dáadáa, nítorí pé fíríìjì tí ó ń dún kì í ṣe fíríìjì tí ó ń tutù. Ẹ tún yí i padà, kí ẹ ka àkọlé tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ fólítì 230 sí 240, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà nìkan yóò jóná bí a bá kàn ti okùn rẹ̀ bọ iná tiwa. Kí ẹ sì gba rìsíìtì. Àjọ kan wà tí ó ń gbèjà àwọn òǹrajà, FCCPC ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó rọ́pò àjọ CPC tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀. Àjọ yìí máa ń gbọ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní rìsíìtì, kí ni yóò fi ṣe ẹ̀rí?

Bí ọjà fíríìjì bá bàjẹ́, owó ni ó lọ. Ọjà kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ dánfó ní Marine Beach. Bí ọkọ̀ bá ti kún, tí ó sì gbéra, ọkùnrin kan a gbé báàgì rẹ̀ lé itan. "Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ kú ọ̀nà o! Ẹ kú ìnáwó! Oògùn yìí, orí fífọ́ ni, ẹ̀yìn dídùn ni, jẹ̀díjẹ̀dí ni, aràn inú ọmọdé ni. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ìlọ́po méjì ni wọn yóò tà á fún yín. Ẹ yára, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀!"

Ẹnu rẹ̀ dùn, èmi gan-an a máa gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò fàyè gba kí a máa kiri oògùn nínú ọkọ̀. Oògùn wo ni ó lè wo ẹ̀yìn àgbàlagbà àti aràn ọmọdé papọ̀? Kí ni ó sì ń kánjú fún? Ìyá mi kì í ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń kán an lójú. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: "Bí oògùn yìí bá dá ìjà sílẹ̀ nínú ọmọ mi lóru, níbo ni n ó ti rí ọ?"

Ìbéèrè yìí wúwo ju bí ẹ ti rò lọ. Ní ọdún 1990, ọmọ tí ó lé ní 100 ni ó kú ní Ìbàdàn àti ní Jọ́ọ̀sì, nítorí omi oògùn ibà tí kẹ́míkà olóró kan wọ inú rẹ̀. Kẹ́míkà náà ń ba kíndìnrín jẹ́. Lẹ́yìn náà, ìjọba dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1993, láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn. Ẹ ti rí nọ́ńbà NAFDAC lára oríṣiríṣi ọjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tí ó darí àjọ náà láti 2001 títí di 2008, bá àwọn tí ń ta ayédèrú oògùn jà gidigidi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kú ní ọdún 1988 lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ayédèrú oògùn ìtọ̀ ṣúgà.

Síbẹ̀, ní òpin ọdún 2008, irú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn tún ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ṣe oògùn fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń hu eyín. Kì í ṣe inú ọkọ̀ dánfó ni wọ́n ti ń tà á o, oògùn tí ó ní nọ́ńbà ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà lọ ra ọ̀kan nínú èròjà rẹ̀ lọ́wọ́ oníkẹ́míkà kan tí kò ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì pò ó mọ́ oògùn láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kẹ́míkà olóró ti ọdún 1990 yẹn gan-an ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ 84 ni ó kú. Àwọn ìyá wọn ka nọ́ńbà, wọ́n ra oògùn ní ibi tí ó yẹ. Ẹni tí ó rajà láìbéèrè ni ẹni tí ó ṣe oògùn.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá rán yín ní oògùn, ṣọ́ọ̀bù tí ó ní ìwé àṣẹ lára ògiri ni kí ẹ lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó. Lára àwọn oògùn kan, pàápàá àwọn oògùn ibà kan, ẹ ó rí ibi kan tí ó ń dán bíi fàdákà. Láti ọdún 2010 ni NAFDAC ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Ẹ fún àgbà kan nínú ilé kí ó fi kọ́ìnì ha ibẹ̀, nọ́ńbà yóò yọ. Bí ó bá fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ láti orí fóònù sí ibi tí wọ́n kọ sára páálí, èsì yóò padà wá láti sọ bóyá ojúlówó ni.

Bí èsì bá sọ pé kì í ṣe ojúlówó, ẹ má ṣe jù ú sí ààtàn, ẹ má sì ṣe dá a padà fún ẹni tí ó tà á, kí ó má baà tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú páálí rẹ̀ àti rìsíìtì, kí bàbá tàbí ìyá yín gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC.